Kọ́ńtáàtì Sukútà: Bí A Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Òun Ló Bàjẹ́ Kí A Tó Ra Òmíràn

Nígbà tí sukútà bá kọ̀ tí kò jí láàárọ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ fura sí ni ibi tí a ti ń yí kọ́kọ́rọ́, èyí tí a ń pè ní kọ́ńtáàtì ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí àwọn tó ń ta ẹ̀yà alùpùpù sì máa ń pè ní neiman. Ìfura náà kì í ṣe aláìnídìí, nítorí pé ara kọ́kọ́rọ́ ni ọwọ́ wa wà nígbà tí a rí i pé iná kò tàn. Síbẹ̀, ó máa ń ṣẹlẹ̀ léraléra pé wọ́n á tú kọ́ńtáàtì, wọ́n á ra òmíràn, wọ́n á dè é, sukútà náà á sì wà bó ṣe wà, nítorí pé fíúsì ló jó tàbí bátìrì ló kú. Ìgbà mìíràn wà tí kọ́ńtáàtì tuntun á dà bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ kí àìsàn náà tó padà dé, nítorí pé wáyà tó gé lábẹ́ ọwọ́ sukútà ló ṣèèṣì kan ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tú ike, tí wọ́n sì rò pé ẹ̀yà tuntun ló wò ó sàn. Ó dùn mí pé àwọn tí owó ń jáde lápò wọn báyìí sábà máa ń jẹ́ àwọn tí sukútà jẹ́ ẹsẹ̀ iṣẹ́ wọn: ìyá tó ń kó ẹrù lọ sí ọjà Ouando, olùkọ́ tó ń ti Àjàṣẹ́ lọ kọ́ni ní Adjarra, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru.

Kọ́ńtáàtì kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Iṣẹ́ méjì péré ló ń ṣe, iṣẹ́ méjèèjì sì yàtọ̀ sí ara wọn pátápátá. Ẹni tó bá lè sọ èyí tó dáwọ́ dúró nínú méjèèjì ti mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àléébù, ì báà jẹ́ pé kò tíì tú alùpùpù rí láyé rẹ̀.

Bí a bá yọ ike iwájú sukútà, a ó rí i pé kọ́ńtáàtì pín sí apá méjì. Apá òkè ni àgádágodo náà gan-an, irin tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀, òun náà ló sì ń de ọwọ́ sukútà mọ́lẹ̀ kí olè má baà tì í lọ. Apá ìsàlẹ̀ jẹ́ àwo ike kékeré kan tí a fi sikúrúù méjì tàbí mẹ́ta dè mọ́ ìdí àgádágodo. Inú rẹ̀ ni àwọn pẹlẹbẹ bàbà wà, tí wọ́n ń kan ara wọn tàbí tí wọ́n ń yà kúrò lára ara wọn bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń yí. Apá òkè lè máa yí dáadáa nígbà tí apá ìsàlẹ̀ ti jó, apá ìsàlẹ̀ náà sì lè wà láìní àbùkù nígbà tí inú àgádágodo ti jẹ débi pé kọ́kọ́rọ́ kì í yí dé ibi tó yẹ mọ́. Ó yẹ kí á mọ ìyàtọ̀ yìí, nítorí pé lára àwọn sukútà kan, a lè ra àwo ìsàlẹ̀ nìkan kí á sì fi àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ wa sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.

Lára àwọn sukútà Ṣáínà tó pọ̀ ní ìgboro wa, àti lára àwọn tí wọ́n ṣe bíi ti Honda, wáyà mẹ́rin ló sábà máa ń jáde láti inú àwo náà. Wáyà pupa ń gbé iná bọ̀ láti inú bátìrì, iná sì wà lára rẹ̀ nígbà gbogbo, a yí kọ́kọ́rọ́ o, a kò yí i o. Wáyà dúdú ló ń gba iná lọ́wọ́ pupa nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, tó sì ń pín in fún fèrè, fún iná bíréèkì, fún iná tí a fi ń yà sí ọ̀tún tàbí òsì, àti fún sítátà. Wáyà dúdú tó ní ìlà funfun ń bọ̀ láti inú CDI, àpótí kékeré tó ń pàṣẹ fún bújì, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní púlọ́ọ̀gì, pé kí ó ta iná. Wáyà aláwọ̀ ewé ni máàsì, èyí tó dé ara irin sukútà àti orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò. Àwọ̀ wọ̀nyí kò rí bẹ́ẹ̀ lára Yamaha: níbẹ̀, wáyà dúdú ni máàsì, wáyà aláwọ̀ kọfí ló sì ń gba iná lọ́wọ́ pupa. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ẹni tó bá so pupa pọ̀ mọ́ dúdú lára Yamaha, bó ṣe rí i tí wọ́n ṣe é lára sukútà Ṣáínà, ti da iná bátìrì sí ara irin ní tààrà, bí fíúsì kò bá sì tètè jó, wáyà ni yóò jó.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí kọ́ńtáàtì ń ṣe ni kí ó so pupa pọ̀ mọ́ dúdú nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Iṣẹ́ kejì ni kí ó ya wáyà dúdú onílà funfun nípá kúrò lára wáyà aláwọ̀ ewé ní àkókò kan náà. Bí a bá pa kọ́kọ́rọ́, yóò ṣe òdì kejì méjèèjì: yóò já pupa kúrò lára dúdú, yóò sì so dúdú onílà funfun mọ́ máàsì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú nìyí, nítorí pé a gbà pé kọ́kọ́rọ́ ló ń fi iná ránṣẹ́ sí bújì. Kò rí bẹ́ẹ̀ lára púpọ̀ nínú àwọn sukútà wọ̀nyí. Máńyẹ́tò inú ẹ́ńjìnnì ló ń ṣe iná fún CDI fúnra rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, bátìrì kò lọ́wọ́ sí i rárá. Ohun tí kọ́kọ́rọ́ ń ṣe fún bújì kò ju pé kí ó jáwọ́ lára rẹ̀ lọ. Nígbà tí a bá sì pa kọ́kọ́rọ́, kọ́ńtáàtì á darí iná CDI sí ara irin, bújì á dákẹ́, ẹ́ńjìnnì á kú. Ìdí nìyí tí sukútà tí bátìrì rẹ̀ ti kú pátápátá ṣì fi lè jí bí a bá fi ẹsẹ̀ gbá kíìkì rẹ̀.

Irú CDI kejì wà tó jẹ́ pé iná bátìrì ló ń jẹ. Nínú irú èyí, wáyà dúdú tó ń bọ́ fèrè náà ló ń bọ́ CDI, nítorí náà bí iṣẹ́ àkọ́kọ́ bá ti dáwọ́ dúró, kò sí iná fún bújì, kò sì sí ẹsẹ̀ tó lè gbá kíìkì tí yóò fi jí. Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ irú èyí tí tiyín jẹ́ ni pé nígbà tí sukútà ṣì dára, kí ẹ yọ fíúsì ẹ̀gbẹ́ bátìrì, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì gbá kíìkì. Bí ó bá jí, irú àkọ́kọ́ ni. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀ kí ẹ sì dá fíúsì padà. Ní ti àwọn sukútà tuntun tí kò ní kábúrétọ̀ mọ́, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kékeré ló ń wọn epo fún ẹ́ńjìnnì, kọ́ńtáàtì ló ń fún kọ̀ǹpútà náà àti ẹ̀rọ tó ń ti epo ní iná. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ wọn, a sábà máa ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ epo náà fún bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Bí ìró yẹn kò bá sí mọ́, tí àwọn iná ojú pátákó náà sì kú, iná kò kọjá láti ara kọ́ńtáàtì tàbí láti ohun tó wà ṣáájú rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á wá fi ohun tí a ti mọ̀ yìí ka ìwà sukútà. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ tí ohunkóhun kò tàn, tí fèrè kò ké, tí sítátà kò mira, ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì jí nígbà tí ẹ gbá kíìkì, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ló ní ìṣòro: iná bátìrì kò dé wáyà dúdú. Èyí kò tíì sọ pé kọ́ńtáàtì ló jẹ̀bi o, nítorí pé bátìrì, fíúsì àti wáyà pupa wà lójú ọ̀nà kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí gbogbo iná bá tàn dáadáa, tí sítátà ń yí ẹ́ńjìnnì kíkankíkan, ṣùgbọ́n tí bújì kò ta iná, iṣẹ́ kejì ni kí ẹ fura sí: ó ṣeé ṣe kí wáyà dúdú onílà funfun ṣì máa kan máàsì níbi tí kò yẹ, yálà nínú kọ́ńtáàtì tàbí níbi tí wáyà náà ti bó sí ara irin. Ẹ fi ojú sílẹ̀ fún ohun kan níbí: lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn sukútà wọ̀nyí, máńyẹ́tò ló ń tan iná ńlá iwájú ní tààrà, kì í ṣe bátìrì, nítorí náà kì í tàn àfi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá yí kọ́kọ́rọ́ tó rí i pé iná iwájú kò tàn, tó sì ti ibẹ̀ dájọ́ pé kọ́ńtáàtì ti bàjẹ́, ti fi ẹlẹ́rìí tí kò sí níbẹ̀ dájọ́. Fèrè àti iná bíréèkì ni kí ẹ bi léèrè.

Àmì kan wà tí mo kà sí pàtàkì ju gbogbo àwọn yòókù lọ, ìyẹn ni pé kí iná máa ṣẹ́jú tàbí kí ó máa kú kó sì tún máa jí bí ẹ bá mi kọ́kọ́rọ́ díẹ̀ sí apá kan. Kò sí fíúsì tàbí bátìrì tó ń hu irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé bàbà inú àwo ti jẹ, ó sì lè jẹ́ pé wáyà ti ń já níbi tí wọ́n ti jó o mọ́ àwo. Láti mọ èyí tó jẹ́, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ láìfọwọ́kàn, kí ẹ yí ọwọ́ sukútà lọ sí òsì pátápátá, kí ẹ yí i lọ sí ọ̀tún pátápátá. Bí iná bá kú nígbà tí ọwọ́ yí, wáyà ló ń já lábẹ́ ọwọ́, nítorí pé ibẹ̀ ló ti ń tẹ̀ tó sì ń nà lójoojúmọ́. Bí ó bá jẹ́ kọ́kọ́rọ́ nìkan ló ń pa á, àwo ni kí ẹ tú wò. Ti sukútà tó máa ń kú lójijì nígbà tó bá bọ́ sínú kòtò, tí ó sì tún máa ń jí láìsí wàhálà lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, kò yàtọ̀ sí èyí, ó sì léwu gan-an, nítorí pé kíkú lójijì láàárín ọkọ̀ ńlá ní ojú ọ̀nà Kùtọnu sí Àjàṣẹ́ lè gba ẹ̀mí. Àmì tó kẹ́yìn ni ti ẹ́ńjìnnì tí kì í kú nígbà tí a bá ti pa kọ́kọ́rọ́: wáyà dúdú onílà funfun ti já, tàbí kọ́ńtáàtì kò so ó mọ́ máàsì mọ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́ńtáàtì rárá, àwọn ohun mìíràn wà tó máa ń fara jọ àléébù rẹ̀. Bátìrì 12 fólùtì tó kún máa ń wà láàárín 12.6 sí 12.8 nígbà tó bá ti sinmi. Bí mítà tí a fi ń wọn iná bá fi hàn pé kò tó 12, ẹ gba iná sí i ná. Bí sítátà bá ń dún tátátá tí kò yí ẹ́ńjìnnì, tí àwọn iná tó kù sì ń ṣú nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, bátìrì tàbí ìdè orí rẹ̀ tó tú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Fíúsì sábà máa ń wà nínú ike kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, ó sì sábà máa ń jẹ́ 10 tàbí 15 ámípíà. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì wò bóyá okùn inú rẹ̀ ti já. Bí tuntun tí ẹ fi síbẹ̀ bá tún jó lójú ẹsẹ̀, wáyà kan ń kan ara irin níbì kan, kò sì sí kọ́ńtáàtì tuntun tó lè wo ìyẹn sàn. Lẹ́yìn náà, ẹ rántí pé sítátà sukútà kì í yí láìjẹ́ pé a fa bíréèkì, nítorí náà bọ́tìnnì kékeré tó wà ní ìdí ọwọ́ bíréèkì lè dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ fa bíréèkì, kí ẹ wo iná ẹ̀yìn. Bí ó bá tàn kedere, iná ti kọjá fíúsì, ó ti kọjá kọ́ńtáàtì, ó ti kọjá bọ́tìnnì bíréèkì. Ẹ dá kọ́ńtáàtì sí, kí ẹ wá àléébù lọ sí bọ́tìnnì sítátà, rílè (ohun tó ń gbé iná bátìrì fún sítátà nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì), àti sítátà fúnra rẹ̀. Ẹ wo bọ́tìnnì pupa tó ń pa ẹ́ńjìnnì bí sukútà yín bá ní in, àti irin ìdúró ẹ̀gbẹ́, nítorí pé àwọn sukútà kan kì í jí bí a kò bá ká irin náà sókè.

Ó kù kí á wo bújì. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi í padà sínú fìlà rẹ̀, kí ẹ fi ara rẹ̀ ti irin ẹ́ńjìnnì níbi tó jìnnà sí epo, kí ẹ sì yí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá rí iná tó ń ta, ẹ kúrò lọ́dọ̀ kọ́ńtáàtì, ẹ lọ wo kábúrétọ̀ àti epo, pàápàá bó bá jẹ́ kpayo inú ìgò ẹ̀bá ọ̀nà ni ẹ rà, nítorí pé omi lè wà nínú rẹ̀.

Bí gbogbo èyí bá ti kọjá, tí ìfura ṣì wà lórí kọ́ńtáàtì, ẹ lè dán an wò láìtú u kúrò ní àyè rẹ̀. Ẹ tọ àwọn wáyà rẹ̀ lọ títí ẹ ó fi dé ike tí wọ́n ti so pọ̀ mọ́ àwọn wáyà yòókù, kí ẹ sì fà á yà. Bí sukútà yín bá jẹ́ irú àkọ́kọ́, tí kò sì ta iná tẹ́lẹ̀, ẹ gbá kíìkì nígbà tí ike náà wà ní yíyà. Bí ó bá jí báyìí, ọ̀rọ̀ ti tán: kọ́ńtáàtì tàbí wáyà tó jáde lára rẹ̀ ló ń pa bújì, ẹ ó sì so ike náà padà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ní pípa kí ẹ́ńjìnnì lè kú. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán kan wáyà dúdú onílà funfun nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, nítorí pé iná ara rẹ̀ ju ti bátìrì lọ gan-an, ó sì lè gbá ènìyàn. Ẹ má sì ṣe so iná bátìrì mọ́ ọn láé, kí CDI má baà jó. Ẹni tó bá ní mítà yóò yí i sí ibi tó ti máa ń dún bí ìsopọ̀ bá wà, yóò sì fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan àwọn wáyà tó lọ sínú kọ́ńtáàtì. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní pípa, dúdú onílà funfun àti aláwọ̀ ewé gbọ́dọ̀ dún, pupa àti dúdú kò gbọdọ̀ dún. Nígbà tí a bá yí i, pupa àti dúdú gbọ́dọ̀ dún, àwọn méjì yòókù sì gbọ́dọ̀ dákẹ́. Ẹ máa mi kọ́kọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń wọ̀n ọ́n, nítorí pé kọ́ńtáàtì tó ń ṣàìsàn lè dáhùn dáadáa nígbà tó dúró jẹ́ẹ́.

Ìdánwò yìí dára, ṣùgbọ́n àléébù kan wà tó lè sá pamọ́ fún un. Bàbà tó ti jó díẹ̀ tàbí tó ti ní ìpẹtà aláwọ̀ ewé lójú ṣì lè jẹ́ kí mítà dún, nítorí pé iná tí mítà ń lò kéré jọjọ. Ó dà bí páìpù tí iyanrìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí: nígbà tí ẹnu ẹ̀rọ wà ní títì, agbára omi inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti páìpù gidi, ìgbà tí a bá ṣí i ni a ó rí i pé omi kò lè ṣàn. Nítorí náà, ẹ so ike padà, ẹ yí mítà sí fólùtì, kí ẹ fi ẹnu kan bọ ẹ̀yìn ike níbi wáyà pupa, kí ẹ fi èkejì bọ ibi wáyà dúdú. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ fa bíréèkì, kí ẹ sì tẹ fèrè kí iná lè ṣàn dáadáa. Ohun tí mítà bá kọ nígbà yìí ni iná tó ń ṣòfò sínú kọ́ńtáàtì. Bí kò bá ju 0.2 lọ, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ó bá ju 0.5 lọ, ojú bàbà ti bàjẹ́. Bí ó bá dé 1 tàbí 2, òun gan-an ló ń mú kí fèrè máa ké fínfín tí rílè sítátà kì í sì í gbá. Ẹni tí kò ní mítà lè fi gílóòbù 12 fólùtì kékeré àti wáyà méjì ṣe é: ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ so wáyà kan mọ́ máàsì, kí ẹ fi èkejì kan ẹ̀yìn pupa, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn dúdú. Bí gílóòbù bá mọ́lẹ̀ níbi pupa tó sì ṣú níbi dúdú, ẹ ti rí ohun tí ẹ ń wá.

Àyíká wa pàápàá ń dá kún bíbàjẹ́ kọ́ńtáàtì, kì í sì í ṣe bákan náà ní gbogbo ibi. Ní Àjàṣẹ́, ẹ̀bá ọ̀sà ni a wà, afẹ́fẹ́ kì í gbẹ, òjò oṣù kẹrin sí oṣù keje sì máa ń bá sukútà tó sùn síta. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé ojú bàbà ni ẹ ó sábà rí níbẹ̀. Ní àyíká Kétu, eruku ilẹ̀ pupa ló ń wọ inú àgádágodo, ó sì máa ń pọ̀ sí i nígbà ọyẹ́, débi pé kọ́kọ́rọ́ á máa le tàbí kí ó máa dúró ní àárín ọ̀nà láìdé ibi ìtanná. Ní ti àwọn tó ń gba ọ̀nà olókùúta láàárín àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́, ìgbọ̀n ni ọ̀tá: ó ń já wáyà níbi tí wọ́n ti fi òjé jó o, ó sì ń tú sikúrúù àwo. Ìdì kọ́kọ́rọ́ tó wúwo, tí a so ti ilé, ti ṣọ́ọ̀bù àti ti àpótí owó mọ́ ti sukútà, ń fa àgádágodo lọ sí ìsàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí sukútà bá gbọ̀n, ó sì ń jẹ ẹ́ lára. Ẹ jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ sukútà dá wà. Àwọn tó ń fọ alùpùpù pẹ̀lú omi alágbára náà gbọ́dọ̀ gbọ́ lẹ́nu yín pé kí wọ́n má ṣe dojú omi kọ ihò kọ́kọ́rọ́. Bí sukútà yín bá ní ìdérí lórí ihò náà, ẹ máa tì í kí ẹ tó gbé e fún wọn.

Ọ̀pọ̀ kọ́ńtáàtì tí wọ́n ń jù nù ló ṣeé tún ṣe. Bó bá jẹ́ àgádágodo ló le, ẹ fi pẹ́ńsùlù dúdú tó rọ̀ kun eyín kọ́kọ́rọ́ dáadáa, kí ẹ fi í sínú ihò, kí ẹ sì yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ẹ má ṣe da epo ẹ́ńjìnnì tàbí àdín sínú rẹ̀ bí mo ṣe ń rí i tí wọ́n ń ṣe, nítorí pé epo á mú eruku mọ́ra, yóò sì di amọ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ má sì rọ́ lúbúlúbú pẹ́ńsùlù sínú ihò náà, nítorí pé iná lè gba inú rẹ̀ kọjá bó bá dé orí àwo. Bó bá jẹ́ àwo ló bàjẹ́, ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà bátìrì kúrò, lẹ́yìn náà kí ẹ tú sikúrúù rẹ̀ lórí aṣọ funfun, nítorí pé àwọn sípíríǹgì kéékèèké inú rẹ̀ máa ń fò jáde. Ẹ fi sáńpépà tó kúnná gan-an nu ojú bàbà díẹ̀ títí yóò fi tàn, ẹ fi oògùn inú agolo tí wọ́n máa ń fọ́n láti fọ ojú ìsopọ̀ iná (contact cleaner) fọ̀ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ. Bí ojú bàbà bá ti jẹ wọ inú bíi kòtò, tàbí tí ike àyíká rẹ̀ ti yọ́ nítorí ooru, ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu, ẹ ra òmíràn. Wáyà tó já gbọ́dọ̀ gba òjé, kí a sì fi rọ́bà bò ó. Èyí tí a kàn lọ́ pọ̀ tí a fi téèpù dì kì í pẹ́ lábẹ́ ọwọ́ sukútà.

Ní ti síso pupa mọ́ dúdú láti fo kọ́ńtáàtì, mo mọ̀ pé àwọn mẹkáníìkì máa ń ṣe é, ó sì lè gba ènìyàn lójú ọ̀nà Kétu sí Pobè nígbà tí alẹ́ ń lé bọ̀. Bí ó bá di dandan, ẹ gbọ́dọ̀ rí i pé iná náà ṣì ń gba inú fíúsì kọjá, kí ẹ bo ojú ìsopọ̀ náà, kí ẹ sì tú u ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dúró, nítorí pé bátìrì á máa ṣòfò, ẹnikẹ́ni ló sì lè gun sukútà náà lọ. Èmi kò fara mọ́ kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Wáyà tó ń gbóná lábẹ́ ike, ní ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tí epo ń gbà kọjá, kò jìnnà sí jàǹbá iná, iye àwọn tó ń gbé gálọ́ọ̀nù epo sí ẹsẹ̀ sukútà wọn kò sì kéré nílẹ̀ wa. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ irú àkọ́kọ́ tó sì ní kíìkì kò nílò fífò rárá: yíya ike kọ́ńtáàtì ti tó láti gbé e délé, bí ó bá jẹ́ ojú ọ̀sán, nítorí pé fèrè àti iná bíréèkì kò ní ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá wá fẹ́ ra tuntun, ẹ gbé ti àtijọ́ lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ olùtà. Ẹ ka wáyà tó wà lára méjèèjì, ẹ fi àwọ̀ wọn wé ara wọn, ẹ sì wo bóyá ike wọn wọ inú ara wọn, nítorí pé kọ́ńtáàtì tó jọra lójú lè jẹ́ ti CDI irú kejì, tí kò sì ní so dúdú onílà funfun mọ́ máàsì. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dè é, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá ike padà kí ẹ tó dán an wò: ẹ jí ẹ́ńjìnnì, ẹ yí ọwọ́ dé òpin òsì àti ọ̀tún, ẹ tẹ fèrè, ẹ fa bíréèkì, kí ẹ sì pa kọ́kọ́rọ́ kí ẹ rí i pé ẹ́ńjìnnì kú lójú ẹsẹ̀. Ìdì wáyà náà gbọ́dọ̀ ní àyè díẹ̀ kí ó má baà nà nígbà tí ọwọ́ bá yí. Lára àwọn sukútà tí ìjókòó wọn ní àgádágodo tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tuntun kò ní ṣí ìjókòó àyàfi tí ẹ bá ra àgádágodo méjèèjì pọ̀, nítorí náà ẹ tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àtijọ́, torí abẹ́ ìjókòó yẹn gan-an ni bátìrì àti fíúsì wà lára púpọ̀ nínú wọn.